Kì í ṣe Hisbah ló ń jẹ wá lówó, ṣekárími wa ni

Ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Yorùbá tó wà ní Kánò àti gbogbo òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí á dun àwọn kan nínú wa, mo sì mọ̀. Ẹ ṣáà kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Orin kan ló wà lẹ́nu gbogbo wa nígbàkúùgbà tí a bá jókòó ṣètò ìnáwó ní Sabon Gari: "Wáìnì ti wọ́n jù níbí, Hisbah ló fà á." Èmi náà ti kọ orin yẹn. Mo kọ ọ́ títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé lẹ́yìn ìnáwó, tí mo ṣírò ohun tó jẹ wá lówó gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dẹ́kun orin kíkọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún òfin ní ohun tó jẹ́ ti òfin. Lọ́dún 2000 ni ìpínlẹ̀ Kánò gba Ṣàríà. Lọ́dún 2003 ni wọ́n fi òfin gbé àjọ Hisbah kalẹ̀, nígbà tó sì di 2004, òfin ìpínlẹ̀ ka ọtí léèwọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní November 2013, wọ́n fọ́ ìgò bíà tó tó 240,000 níṣojú gbogbo ayé. Ní February 2022, èyí tí wọ́n bàjẹ́ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ìgò. Ẹni tó bá ń kó ọtí wọ ìlú yìí mọ̀ pé ọkọ̀ òun lè má dé, ó sì máa ń fi owó ìbẹ̀rù yẹn lé ọjà. Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì ni pé nígbà tí wàhálà owó VAT ń lọ lọ́wọ́ lọ́dún 2021, Wike tó jẹ́ gómìnà Rivers nígbà yẹn bi wọ́n léèrè pé báwo ni ìpínlẹ̀ tó ń fọ́ ìgò ọtí ṣe ń bá wọn pín owó orí tó ti ara ọtí wá. Ìbéèrè yẹn ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn di òní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ìjọba.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìṣirò mi.

Wáìnì Gúúsù Áfíríkà kan wà tí a fẹ́ rà, wáìnì tó dáa, tí kì í ṣe olówó gọbọi. Àbúrò mi béèrè rẹ̀ ní ìsọ̀ kan ní Èkó, wọ́n pè é ní ₦7,500 ìgò kan. Mo béèrè ẹ̀ níbí ní Sabon Gari, wọ́n pè é ní ₦11,000. Ìyàtọ̀ ₦3,500 nìyẹn. Nínú ₦3,500 yẹn ni owó ọkọ̀ wà, Èkó sí Kánò sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan. Owó ìbẹ̀rù Hisbah wà nínú ẹ̀. Èrè ẹni tó ń tà á náà wà nínú ẹ̀. Ogún ìgò la nílò fún tábìlì àwọn àgbà àti àwọn àna. Ogún ìgò lọ́nà ₦3,500 jẹ́ ₦70,000. Gbogbo ohun tí Kánò gbà lọ́wọ́ wa nítorí pé Kánò ni Kánò ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé wáìnì ₦11,000 yẹn la rà? Rárá o! Àwọn ẹbí ní kí a má dójú ti àwọn. Ẹnì kan ní, "Ṣé èyí la máa gbé síwájú àwọn àna láti Ògbómọ̀ṣọ́?" Ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀ ò dún. Bí a ṣe lọ ra èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún nìyẹn, onígò dúdú, onígóòlù lọ́rùn, ₦38,000 ìgò kan. Ìyàtọ̀ láàárín ₦11,000 àti ₦38,000 jẹ́ ₦27,000. Ogún ìgò lọ́nà ₦27,000, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: ₦540,000.

Hisbah àti ọ̀nà jíjìn gba ₦70,000 lọ́wọ́ wa. Àwa fúnra wa gba ₦540,000 lọ́wọ́ ara wa. Nínú méjèèjì, ta ni olè?

Kí n sì sọ èyí tó dùn mí jù. Lára owó yẹn, ọmọkùnrin tó ń gbéyàwó ló yá púpọ̀ nínú ẹ̀ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó, owó ilé wọn pé, kò sówó lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n wá bá. Nígbà tí mo ń ka owó náà lé ọmọ náà lọ́wọ́, ìgò dúdú onígóòlù yẹn ni mo ń rí lójú mi. Kò sí ẹnìkan lára àwọn àna tó rántí orúkọ wáìnì tí wọ́n mu. Mo bi wọ́n. Ìyá àgbà kan ní Maltina lòun mu.

Ẹ̀yin kan á ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ohun tó wọ́n ló dáa. Ẹni tó bá ra ọjà pọ́ọ́kú, pọ́ọ́kú ló máa rí." Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ lórí bàtà. Lórí wáìnì ní Kánò, irọ́ gbuu ni, ìdí rẹ̀ sì nìyí: ooru.

Wáìnì kì í ṣe gíìnì. Ibi tó tutù díẹ̀, bí ìwọ̀n 12 sí 15, ló ti ń wà láyọ̀. Ní Kánò ní oṣù March sí May, ooru ọ̀sán máa ń sún mọ́ 40, nígbà míì ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ìgò tó ti jókòó oṣù mẹ́fà nínú ìsọ̀ onípáànù tí kò níná, tí wọ́n tò ó síwájú kí oòrùn lè máa tàn sí góòlù ara rẹ̀. Wáìnì inú rẹ̀ ti sè. Kò kan iye tí wọ́n pè é. Àní wáìnì olówó ńlá ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, torí òun kì í tètè tà. Ìgò ₦11,000 ti wọlé ó ti jáde nígbà mẹ́rin, ìgò ₦38,000 ṣì wà lórí pákó, ó ń dúró de ẹni tó fẹ́ ṣe ṣekárími. Nínú ogún ìgò tí a rà yẹn, méje ló ti kan. Ẹni tó tà á fún wa kò gbà á padà, ó ní ṣé òun ló ṣe wáìnì ni.

Ohun tí ì bá ti gbà wá là kò ju wíwo ìgò dáadáa kí a tó sanwó lọ. Nítorí náà, kí n kọ ohun tí mo ti fi owó kọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin má baà tún fi owó kọ́ ọ.

Ẹ wo kọ́ọ̀kì ẹnu ìgò. Tí ó bá ti yọ sókè, tí bébà góòlù orí rẹ̀ wú, tàbí tí ipa wáìnì ti ṣàn sí ọrùn ìgò, ooru ti lù ú. Ẹ gbé e padà fún wọn. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: wáìnì funfun tó ti pọ́n bí ṣúgà tí a sun ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo ọdún ara ìgò. Àwọn wáìnì tí agbára wa ká, pàápàá funfun àti olómi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun tí à ń tọ́jú pa mọ́ bí aṣọ òkè. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta ló yẹ kí a mu wọ́n. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé, "Ó ti pẹ́ nílẹ̀, ìyẹn ló fi dùn," ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì wo ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀. Wáìnì gidi sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 11 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìgò tó ń dún pòó, tó sì ní góòlù lọ́rùn, omi èso àjàrà lásán ni wọ́n, 0.0 ni wọ́n kọ sí i lára. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ tí omi èso bá jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ san owó wáìnì kí ẹ gba omi èso, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ yéé pe gbogbo ohun tó bá dún pòó ní ṣanpéèni. Àgbègbè kan ní Faransé tó ń jẹ́ Champagne nìkan ni ṣanpéèni ti ń wá. Èyí tí àwọn ará Sípéènì ń ṣe ń jẹ́ Cava, ti Ítálì ń jẹ́ Prosecco, ti Gúúsù Áfíríkà ń jẹ́ Cap Classique. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣanpéèni gan-an ni wọ́n ń ṣe Cava àti Cap Classique, tí ìgò náà fi ń hó fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti Faransé rárá. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Brut kò ládùn. Ọ̀rọ̀ Extra Dry tó dà bíi pé ó le, ó tún dùn ju Brut lọ díẹ̀. Demi-sec ni adídùn. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn adídùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mo ti rí i níbi ìnáwó tí wọ́n gbé Brut olówó ńlá fún àwọn àgbà, tí wọ́n ń fi Fanta là á. Demi-sec pọ́ọ́kú ì bá ti tẹ́ wọn lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ìgò tàn yín. Ìgò tó wúwo, tó sì jìn kòtò nídìí, kò fi hàn pé ohun inú rẹ̀ dáa. Ìdérí onírin tí à ń fi ọwọ́ yí kì í ṣe àmì tálákà. Ní tiwa tí ooru ń tì kọ́ọ̀kì síta, ìdérí onírin yẹn gan-an ló fọkàn balẹ̀ jù. Gúúsù Áfíríkà ní irúgbìn èso àjàrà kan tí wọ́n ń gbìn ju gbogbo ìyókù lọ, Chenin Blanc lorúkọ rẹ̀. Torí pé ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, owó rẹ̀ kì í gani lára, ó sì bá ata wa mu. Ẹ gbé e tutù ti ìrẹsì àti ẹja díndín, kí ẹ wá fún mi lésì.

Tí àlejò bá pọ̀, ẹ ra onípáálí. Páálí lítà mẹ́ta jẹ́ ìgò mẹ́rin gééré. Ike inú rẹ̀ ń fún pọ̀ bí a ṣe ń fà á, atẹ́gùn kì í wọlé, tí ó bá ṣẹ́kù ẹ lè fi sínú fíríìjì fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgò tí a bá ti ṣí, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló ní. Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín láti gbé páálí sórí tábìlì. Ẹ bù ú sínú jọ́ọ̀gì! Ta ló máa mọ̀?

Kí ẹ sì fi ìgò wọn ife. Ìgò kan á fún yín ní ife mẹ́fà. Ogún ìgò jẹ́ ọgọ́fà ife. Ṣé ọgọ́fà ènìyàn ló ń mu wáìnì lára àwọn tí ẹ pè? Nínú ẹbí Yorùbá Kánò, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ mùsùlùmí? Ẹ ronú sí i.

Èyí gbé mi dé ibi tó wúwo jù. Àwọn kan nínú wa, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ₦3,500 yẹn, ni wọ́n ń rán àwọn ọ̀dọ́ ní Jọ́ọ̀sì tàbí Kàdúná pé kí wọ́n fi bùúùtù ọkọ̀ kó wáìnì wọlé lóru. Mo mọ ọmọkùnrin kan, ọmọ tiwa, ọmọ ọdún 23, tí ọkọ̀ tó ń wà kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n dá a dúró lọ́nà. Wọ́n gba ẹrù, wọ́n gba ọkọ̀, òun náà sùn sí àtìmọ́lé. Ẹni tó rán an pa fóònù rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ló ń sáré kiri. Páálí mẹ́rin péré ni ẹrù náà! Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò lè jókòó sínú ọkọ̀ yẹn fúnra yín, ẹ má rán ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé ẹ̀tọ́ wa ni, pé Nàìjíríà kan náà ni, pé kò sí ẹni tó lè ní kí kìrìsìtẹ́nì má mu ohun tó wù ú. Mo gbọ́. Tí ẹ bá gbà pé ẹ̀tọ́ ni, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń jà fún ẹ̀tọ́: kí àwọn ẹgbẹ́ wa gba lọ́yà, kí a bá ìjọba sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán gangan. Bùúùtù ọkọ̀ lóru kì í ṣe ilé ẹjọ́. Kò sì sí ìgbà tí a fi ẹ̀tọ́ já, tí a kì í fi ìwà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn bàbá wa sọ pé bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹ rántí Sábó tó wà ní Ìbàdàn àti ní Ṣágámù. Bí a ṣe ń retí pé kí Hausa tó wà níbẹ̀ mọ ọjọ́ orò, kó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń retí kí àwa náà mọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò lọ́dún 1911 ni àwọn àgbà wa ti ń gbé níbí. Wọ́n ṣòwò, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé, títí dé orí kí òpópónà máa jẹ́ orúkọ wa, Yoruba Road. Kì í ṣe agídí ló gbé wọn dúró, ọgbọ́n ni.

Sabon Gari la ti ń rí ọtí rà, ní Sabon Gari náà ni kí a ti mu ún. Ẹ ṣe ìnáwó yín nínú Sabon Gari, kí ohun tó bá ṣẹ́kù parí síbẹ̀. Ẹ má gbé ìgò wáìnì kiri àdúgbò àwọn ẹni tó kà á sí èèwọ̀, kí ẹ má sì fi í ya fọ́tò láti fi ṣe fáàárí. Níbi ìnáwó, ẹ ya tábìlì àwọn mùsùlùmí sọ́tọ̀, kí ẹ fún wọn ní zobo tútù tó dáa, kí ojú má tì wọ́n. Ẹbí kan náà ni wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ yín kù. Mo mọ̀ pé ewu ni ẹ fi ń jẹun, mi ò sì ní kí ẹ má jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ yéé to wáìnì sínú oòrùn. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, kí kọ́ọ̀kì rẹ̀ má gbẹ. Tí ó bá sì ti kan, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ oníbàárà yín. Ẹni tó bá gba ìgò méje padà lónìí, òun ni a máa ra ogún lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó tà fún wa lọ́dún tó kọjá, a ò tún yà sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín pé kí a ṣe kò le. Kí agboolé tàbí ẹgbẹ́ tó bá ní ìnáwó mẹ́ta mẹ́rin lọ́wọ́ kó owó jọ, kí wọ́n ra páálí páálí lọ́wọ́ ẹnì kan nínú Sabon Gari, ní December tàbí January tí ọyẹ́ ń mú, tí ooru kò tíì ba ọjà jẹ́. Kí wọ́n ṣí ìgò kan tọ́ wò kí wọ́n tó san ìyókù. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fi ẹnu kò sí iye tí ìgò kan kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí tábìlì, kí ẹni tí kò ní má baà máa yáwó nítorí ẹni tó ní. Tiwa nínú ẹbí, a ti fi ẹnu kò sí ₦12,000. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó kó ìyókù rẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ àti ìyàwó nínú àpòòwé.

Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òfin Kánò kò sí lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin láti yí padà ní ọ̀sẹ̀ yìí. ₦540,000 yẹn, ọwọ́ wa ló wà. Ìgbéyàwó àbúrò ọmọ yẹn ń bọ̀ ní January. Chenin Blanc la máa mu, nínú jọ́ọ̀gì, a sì ti san owó ilé ọdún kan fún wọn ṣáájú. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ni ìtìjú, kó má wá.